Ẹ má gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sórí status: ohun tí a rí níbi ìwọ́de Pride ní London

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé, mo sì fẹ́ ká jọ sọ ọ́ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé ní London la máa ń lọ wo ìwọ́de Pride lọ́dọọdún, ìyẹn ìwọ́de àwọn gay, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn, yálà nítorí pé ọ̀rẹ́ wa ń rìn níbẹ̀ tàbí nítorí pé ìran rẹ̀ dùn ún wò.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la jọ lọ. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń rìn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn rẹ̀, àwa yòókù sì ní ká lọ dúró ká pàtẹ́wọ́ fún un. A wọ bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham, a sọ̀ kalẹ̀ ní Victoria nítorí pé wọ́n ti dí ọ̀nà iwájú, a fẹsẹ̀ rìn dé Green Park. Kó tó di aago méjìlá ọ̀sán a ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi dínà ní Piccadilly. Ẹni tí kò bá tètè dé, ẹ̀yìn orí ènìyàn ni yóò máa wò.

Ẹ̀yin ará, ìran náà kún. Àwọn panápaná kọjá, àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn Kristẹni tó kun àgbélébùú wọn ní àwọ̀ òṣùmàrè, àwọn Mùsùlùmí, àwọn adití tó ń fi ọwọ́ kọrin. Àwọn arúgbó kan gbé pátákó pé láti ọdún 1972 làwọn ti ń rìn. Nígbà tí ọ̀wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dé, a pariwo orúkọ ọ̀rẹ́ wa títí ohùn wa fi há. Ó sáré wá sí ibi irin, ó dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sá padà sídìí àsíá wọn.

Lẹ́yìn wọn ni ọ̀wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà kan dé. Àsíá Uganda wà níbẹ̀, ti Gánà, ti Kẹ́ńyà, tiwa náà, aláwọ̀ ewé àti funfun. Ìlù ń dún. Àwọn kan nínú wọn bo ojú: àdìrẹ ni wọ́n rán, ó bo imú àti ẹnu, wọ́n sì wọ awò dúdú lé e. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ìwọ́de yẹn máa ń dúró díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ tó wà níwájú lè ráyè kọjá. Nígbà tó dúró, ọ̀kan nínú àwọn tó bo ojú wá sọ́dọ̀ wa. Bóyá ó ti gbọ́ èdè tí a ń sọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Mo na ìgò mi sí i. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó mu omi, ó dúpẹ́, ó tún aṣọ náà fà bo ojú.

Kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó dúró tì mí ń ká fídíò lọ́wọ́. Kò ní èrò ibi kankan. Ó gbé e sórí status WhatsApp rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ìdùnnú sí i, ó fi ọkàn pupa sí i. A ò tíì kúrò ní Piccadilly tí àǹtí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta fi kọ̀wé sí i pé: "Ta lọmọkùnrin yìí? Ó jọ ọmọ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Ó yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fídíò náà sì ti balẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ lọ wo Pride, ẹ jó, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ pariwo orúkọ ẹni yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ojú ọmọ Yorùbá kankan tí ẹ bá rí níbẹ̀ jáde, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ gbé e.

OmoIbadan_Kikida

Àǹtí, ẹ kú ìrìn o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ojú títì gbangba ni wọ́n ti rìn, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà kí ènìyàn ya ohun tó bá rí ní gbangba. Àwọn oníròyìn kún ibẹ̀ fọ́fọ́ pẹ̀lú kámẹ́rà ńláńlá. Kí ló wá dé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín nìkan ni ẹ̀bi ń dá?

Àdùkẹ́_Peckham

Àbúrò mi, òtítọ́ lo sọ nípa òfin. Ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwòrán tí oníròyìn bá yà, àjèjì ló máa wò ó. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ní Manchester máa rí ọmọkùnrin dúdú kan tó ń mu omi, á sì ṣí ojú ìwé kejì. Àwọn tó ń wo status tiwa ńkọ́? Àwọn ìbátan wa ni, àwọn ẹgbẹ́ wa nílé ìwé, àwọn tá a jọ ń lọ ilé ìjọsìn, àwọn tí a jọ wá láti àdúgbò kan náà. Àwọn gan-an ni wọ́n lè wo imú ọmọ kí wọ́n sì mọ ilé baba rẹ̀. Fóònù wa kékeré yìí léwu fún un ju kámẹ́rà oníròyìn lọ.

Ìyá_Kọ́lá

Hẹn-ẹn! Ẹ sọ ọ́ kó yé wọn.

Surulere_Boy

Èmi wà ní Èkó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń ṣe níbí kó lè yé ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lókè òkun.

Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin Nàìjíríà tó lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá fẹ́ akọ bíi tirẹ̀ tàbí abo bíi tirẹ̀ níyàwó tàbí lọ́kọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ gay sílẹ̀ tàbí tó bá kópa nínú rẹ̀, ọdún 10 náà sì ni fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan ni òfin náà wà fún. Ẹ kà á dáadáa.

Kí ẹ tún wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyà tí àwọn ènìyàn ń jẹ kò dé kóòtù rárá. Ọlọ́pàá á dá ọmọkùnrin dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á gba fóònù rẹ̀, wọ́n á tú u wò, bí wọ́n bá rí àwòrán kan wọ́n á ní kó mú owó wá. Àwọn ọmọ ìta náà wà níbẹ̀. Kító ni wọ́n ń pè é: wọ́n á fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ènìyàn wá sí yàrá kan, wọ́n á lù ú, wọ́n á bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n á ká a sórí fídíò, wọ́n á wá máa fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá ti ní àwòrán rẹ tó ń jó níbi Pride, kò nílò láti tàn ọ́ mọ́. Orúkọ ìyá rẹ ló kàn kó mọ̀.

Ẹ rántí Bísí Àlímì. Ní 2004 ó jókòó sórí ètò New Dawn tí Fúnmi Ìyàndá ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi ojú ara rẹ̀ hàn, ó sọ pé gay ni òun. Òun ló yàn án fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ rí màbo. Àwọn ènìyàn sá fún un, wọ́n lù ú, nígbà tó di 2007 ó sá wá sí London tí ẹ wà yẹn. Ẹni tó yàn án nìyẹn o. Ẹni tí kò yàn án ńkọ́?

Alàgbà_Sámúẹ́lì

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mi ò sì ní fi ohun tó wà nínú mi pa mọ́. Ìwé mímọ́ tí mo gbà gbọ́ kò fi àyè gba nǹkan yìí, mi ò ní lọ wo ìwọ́de náà, mi ò sì ní sọ fún ọmọ mi pé kó lọ.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọkùnrin yẹn bá mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni òun ń ṣe, kí ló dé tó bo ojú? Bó bá sì ń bẹ̀rù, kí ló dé tó jáde? Ó yẹ kó mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Gbogbo_ẹ̀_yóò_dáa

Ẹ gba alàgbà láyè o, kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ìbéèrè gidi ló béèrè.

Aláṣọ_Àdìrẹ

Ẹ ṣeun, alàgbà, pé ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó dájọ́. Èmi wà nínú ọ̀wọ́ yẹn. Èmi kọ́ ni mo mu omi o, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mu ún, mi ò sì ní sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi ni màá sọ.

Àdìrẹ yẹn, láti Ìtòkú ni. Ìyá ọ̀kan nínú wa ló fi ránṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kó fi rán bùbá. Ó ṣẹ́kù, a gé e, a rán an ní yàrá kan ní Lewisham lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a fi rọ́bà sí i létí. Rọ́bà náà ń gé wa létí bí oòrùn ṣe ń mú.

Èmi bo ojú nítorí ìyá mi. Ó mọ̀ nípa mi, alàgbà. Mo sọ fún un, ó sunkún, ó gbààwẹ̀, ó sì ṣì ń pè mí ní gbogbo alẹ́ Sunday láti mọ̀ bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ò mọ̀. Àbúrò mi obìnrin sì fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àwọn àna wa ń wádìí ilé wa lọ́wọ́. Bí ojú mi bá jáde, èmi wà ní London, ta ló máa bá mi níbí? Ìyá mi ni wọ́n máa yẹra fún ní ìdí ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n máa dá padà sílé. Àwọn ni mo fi aṣọ yẹn bò.

Ẹ wá béèrè ìdí tí mo fi jáde. Láti kékeré ni mo ti ń gbé ayé bí ẹni tí kò sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mi ò sí, níbi ìsìnkú bàbá àgbà mi mi ò sí, bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣe àwàdà pẹ̀lú mi, mo ń rẹ́rìn-ín, mi ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo rìn láàárín Piccadilly ní ọ̀sán gangan, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sì pariwo láti ẹ̀gbẹ́ títì pé, "Ọmọ Yorùbá, a rí yín o!" Ojú mi wà lábẹ́ aṣọ, wọ́n sì rí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá_Kọ́lá

Olúwa á dá yín sí, á dá ìyá yín náà sí. Mo ń sunkún níbí.

OmoIbadan_Kikida

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka tiyín. Mo gbà. Mo ti lọ wo inú fóònù tèmi náà, àwọn kan wà tí mo gbé sórí Instagram lọ́dún tó kọjá tí mo ti yọ báyìí.

Mama_Ibeji_SW9

Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ti wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ yín.

Nínú oṣù Kẹrin 1999, bọ́ǹbù tí wọ́n ki ìṣó sí bú gbàmù ní Brixton, nítòsí ọjà. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 17, nígbà tí gbogbo wa máa ń lọ ra iṣu àti ẹran ewúrẹ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, òmíràn bú ní Brick Lane, níbi tí àwọn ará Bangladesh pọ̀ sí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30, ẹ̀kẹta bú ní ilé ọtí Admiral Duncan, òpópónà Old Compton ní Soho, níbi tí àwọn gay ti máa ń jókòó mutí. Ènìyàn mẹ́ta kú níbẹ̀. Obìnrin kan tó lóyún wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, àwọn kan sì pàdánù ẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀. Ìkórìíra kan náà ló fi kó àwa àti àwọn yẹn pọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Soho ò kàn wá, mo máa ń ní kó lọ béèrè ọjà tí bọ́ǹbù ti kọ́kọ́ bú.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ń rìn níbi Pride. Mi ò ní sọ èwo. Àga kékeré kan tó ṣeé ká ni mo máa ń gbé dání, mo máa ń jókòó ní Haymarket, mo máa ń wé gèlè. Bí ó bá ti ń bọ̀, mo máa dìde, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Oríkì baba rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn òyìnbó tó dúró tì mí ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó máa ń dúró títí màá fi kì í tán, bí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tilẹ̀ ń ké pé kó máa rìn.

Mi ò ya àwòrán rẹ̀ rí níbẹ̀. Ojú mi ti yà á.

Akọ̀wé_Kékeré

Mama, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ kún un, nítorí pé mo ti rí i níbòmíràn tí àwọn kan ń sọ pé àwọn òyìnbó kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní kí wọ́n máa jó ní títì. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 1969, ọlọ́pàá New York ya wọ ilé ọtí Stonewall Inn ní òpópónà Christopher, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí àwọn ilé ọtí àwọn gay. Lọ́jọ́ yẹn àwọn ènìyàn kọ̀, wọ́n sì bá ọlọ́pàá jà. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, wọ́n wọ́de láti àdúgbò yẹn lọ sí Central Park. Àwọn ti London náà ṣe tiwọn lọ́jọ́ 1 oṣù Keje 1972: nǹkan bí 2,000 ènìyàn, láti Trafalgar Square dé Hyde Park. Báyìí, Hyde Park Corner ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n ń gba Piccadilly àti Haymarket kọjá sí Trafalgar Square, wọ́n ń parí sí Whitehall, àwọn tó ń rìn nìkan sì ti ju 30,000 lọ. Àwọn arúgbó tí Àǹtí Àdùkẹ́ rí yẹn wà lára àwọn 2,000.

Àwọn tó kọ́kọ́ rìn yẹn mọ ìbẹ̀rù tí ẹni aláṣọ àdìrẹ ń sọ. Òfin 1967 tó ní kí wọ́n má fi ọkùnrin méjì tó bá ara wọn lò pọ̀ sẹ́wọ̀n mọ́ ní England àti Wales, inú ilé tí a tilẹ̀kùn mọ́ ló fi wọ́n sí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ bá rí nínú àwòrán lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí òfin tó máa gbà á.

Ti Nàìjíríà ńkọ́? Kí òfin 2014 tó dé, Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, ti wà nílẹ̀. Ìjọba amúnisìn ló gbé e kalẹ̀ ní 1916, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 náà ló wà nínú rẹ̀ fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀. Nínú oṣù Kẹrin 2018, Theresa May tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn sọ níwájú àwọn aṣojú Commonwealth ní London pé ó dun òun gidigidi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Àwọn tó kó o wá ti pa tiwọn rẹ́. Oṣù Kìíní 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí tiwa, oṣù Kẹta ọdún kan náà ni ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgbéyàwó ní England àti Wales. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ti rántí oṣù méjèèjì yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn, ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń lọ dúró ti ọ̀rẹ́. Nígbà tí àwọn awakùsà èédú da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1984, àwọn gay London kan kó owó jọ fún àwọn awakùsà ní gúúsù Wales. Ní 1985 àwọn awakùsà yẹn kó ara wọn wá sí London pẹ̀lú àsíá ẹgbẹ́ wọn, àwọn ni wọ́n sì ṣáájú ìwọ́de Pride ọdún yẹn.

Tèmi_dára_ní_Croydon

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ da ọ̀rọ̀ ńlá yìí rú, mo kàn fẹ́ béèrè. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera fẹ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ibo ló dáa kó wà?

Àdùkẹ́_Peckham

O ò da nǹkan kan rú. Kó má wá sí Piccadilly Circus, ibẹ̀ ló há jù. Àyè wà tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìlera; kí ẹ yẹ ojú ìwé àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ wò ṣáájú kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀. Ẹ gbé omi dání, ju èyí tí ẹ rò pé ẹ máa mu lọ. Ilé ìyàgbẹ́ jìnnà, ìlà rẹ̀ sì gùn. Bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ má bá wọn ti ara yín ní ibùdókọ̀ tó wà lójú ìwọ́de. Ẹ rìn kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀mí yín á balẹ̀.

Alábàárìn_Ìwé

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fi èyí kún un, nítorí pé iṣẹ́ tí mo yọ̀ǹda ara mi fún nìyí: mo máa ń bá àwọn tó ń wá ààbò ní Britain to ìwé wọn.

Àwọn kan wà tí wọ́n NÍLÒ àwòrán yẹn. Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì, ọ̀kan láti Iran, èkejì láti Cameroon, pé ìjọba ò lè ní kí gay padà sílé kó lọ máa fi ara rẹ̀ pa mọ́ kí wọ́n má baà ṣe é léṣe. Kí ìdájọ́ yẹn tó dé, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé bí wọ́n bá ti pa ẹnu mọ́, kò séwu. Ìdájọ́ yẹn gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé gay ni òun lóòótọ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ìyẹn hàn? Ẹni tó ti ń fi ara rẹ̀ pa mọ́ láti ọmọdé, kò ní lẹ́tà, kò ní àwòrán, kò ní ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, àwòrán Pride wà lára ohun tí agbẹjọ́rò máa ń béèrè, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó bá a lọ.

Mo ti rí ẹni tí a ò yà rárá nítorí pé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dáàbò bò ó, tó wá dé iwájú adájọ́ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé kí wọ́n fi fóònù ẹni náà fúnra rẹ̀ yà á. Kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó jẹ́ òun ni yóò fún agbẹjọ́rò rẹ̀.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ ṣeun gan-an. Mi ò ronú dé ibẹ̀, mo sì gba ohun tí ẹ sọ wọlé. Fóònù ẹni náà ni kí a fi yà á, ọwọ́ rẹ̀ ni kó wà.

Aláṣọ_Àdìrẹ

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èmi ní àwòrán mẹ́ta tí ọ̀rẹ́ mi yà fún mi láìbo ojú, nínú ọgbà Green Park kí a tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà nínú fáìlì agbẹjọ́rò mi.

Ṣadé_São_Paulo

Mo kí yín láti Brazil. Tiwa ní Avenida Paulista bẹ̀rẹ̀ ní 1997 pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n to ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè sí ló ń ṣáájú, orin rẹ̀ ń mi ilẹ̀ títí.

Ohun tó kọ́kọ́ gbá mi láyà níbẹ̀ ni pé mo dúró láàárín àwọn ọlọ́jà ọtí, mo gbọ́ tí àwọn travesti, àwọn tí a bí ní ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ èdè wa nínú rẹ̀: otim, odara, ajeum. Inú ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, ni wọ́n ti mú un, níbi tí wọ́n ti gbà wọ́n mọ́ra nígbà tí ọlọ́pàá ń lé wọn kiri, wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ọlọ́pàá má baà gbọ́. Pajubá ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó, ẹnu àwọn tí àwa ń tì jáde nílé ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ti ń dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn.

Nípa àwòrán: níbí, gbogbo ènìyàn ń ya gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó ń bìkítà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí São Paulo nínú èrò, mo máa ń mú fóònù mi sọ̀ kalẹ̀.

Alàgbà_Sámúẹ́lì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Aláṣọ Àdìrẹ, mo dúpẹ́ pé o dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mi ò yí ohùn mi padà lórí ìwé mímọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ni èmi náà ní, ọmọbìnrin tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ló sì wà nílé mi báyìí. Mi ò fẹ́ kí ojú ti ìyá kankan lọ́jà nítorí ohun tó jáde láti inú fóònù mi. Bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ mi ni yóò parí sí.

Kí o máa jẹun dáadáa o. Bí ìyá rẹ bá pè, máa gbé e.

Aláṣọ_Àdìrẹ

Ẹ ṣeun, sà. Mò ń gbé e.

Surulere_Boy

Àǹtí Àdùkẹ́, ti Abẹ́òkúta yẹn ńkọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀?

Àdùkẹ́_Peckham

Kò tíì rọlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi pe àǹtí rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Àǹtí náà ní òun ò fi han ẹnikẹ́ni, pé òun kàn béèrè ni. Ṣùgbọ́n ó tún ti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tún fẹ́ pè é lálẹ́ òní. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí fídíò ọmọkùnrin tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin nínú gúrúpù WhatsApp èyíkéyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbí, ẹ má sọ orúkọ gúrúpù náà níbí. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, ká bá ẹni tó gbé e síbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mama_Ibeji_SW9

Ẹ fún mi ní nọ́ńbà àǹtí yẹn ní kọ̀rọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta lèmi náà. Màá pè é bí àgbà ṣe ń pe àgbà.

Àdùkẹ́_Peckham

Mama, mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ ṣeun, mà.

Tèmi_dára_ní_Croydon

Ta ló ń lọ sí UK Black Pride, Pride ti àwọn ènìyàn dúdú, ní Stratford nínú oṣù Kẹjọ? Mo gbọ́ pé bọ́ọ̀sì kan tó gbé àwọn obìnrin dúdú lọ sí etí òkun Southend ní 2005 ló bí i, pé Phyllis Opoku-Gyimah wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Mi ò lọ rí. Mo fẹ́ bá àwọn tó mọ ibẹ̀ rìn.

Àdùkẹ́_Peckham

Àwa ń lọ. Inú ọgbà Queen Elizabeth Olympic Park ni. Ìjókòó ni tibẹ̀ ju ìrìn lọ. Oúnjẹ wà, ìlù wà, àwọn tiwa pọ̀ níbẹ̀ ju ti Piccadilly lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fóònù fi gbọ́dọ̀ yé gbogbo ẹni tó bá máa bá wa lọ. Mú ẹní tí a lè tẹ́ sórí koríko dání, èmi á gbé jọ̀lọ́ọ̀fù. A máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ Stratford, màá fi aago tí a máa pàdé ránṣẹ́ sí ọ.

Ìyá_Kọ́lá

Ẹ fi èmi náà kún un. Mo ní kúlà ńlá, mo máa gbé omi wá, àti àwọn straw, kí ẹni tó bo ojú lè mu ún láìgbé aṣọ sókè.